Èènì Tí Báǹkì Ń Bù Fún Wa, àti Owó Tí A Yá Ìjọba

Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ẹ ó ti rí irú fọ́tò yìí rí: ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n nà gbọọrọ níwájú ọkọ̀ òfuurufú, ife wáìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti àkọlé pé, "Póíǹtì ni o, mi ò san kọ́bọ̀!" Kíá ni àwọn èèyàn á ti máa béèrè: káàdì wo ni? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹni tó fi fọ́tò ránṣẹ́ á wá fi líǹkì sílẹ̀, torí bí ẹlòmíràn bá gba ibẹ̀ gba káàdì, póíǹtì tuntun, ìyẹn èènì tí báǹkì ń bù fún ẹni tó ń ná káàdì wọn, tún ń bọ̀ wá bá òun náà nìyẹn.

Mi ò bá wọn jà. Èmi náà ń jẹ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ "mi ò san kọ́bọ̀" yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn, torí ẹnì kan san án. Látìgbà tí mo ti mọ ẹni náà, bí mo bá rí ohunkóhun tí wọ́n ní èlé tàbí èrè wà nínú rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé: ta ló jẹ ta lówó níbí? Kí sì ni onígbèsè lè yí padà lẹ́yìn tá a ti jọ ṣàdéhùn tán?

Ẹ jẹ́ ká mú káàdì ná. Àwìn ni credit card. Kì í ṣe owó yín ló wà nínú rẹ̀; owó báǹkì lẹ fi ra ọjà, ẹ ó sì san án padà tó bá yá. Àwìn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá láyé àwọn bàbá wa, àwìn ni wọ́n ń tà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì wá gbowó, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Ṣùgbọ́n Òṣómàáló ló ni aṣọ, ó ti fi èrè tirẹ̀ lé e kó tó gbé e kalẹ̀. Báǹkì kò lè fi èrè lé iye ìrẹsì tí ẹ rà, torí òun kọ́ ló ni ìrẹsì. Ọwọ́ ẹni tó ta ìrẹsì ló ti máa ń gbà á.

Ìyá kan wà ní Hyattsville, ní ìpínlẹ̀ Maryland níbí, tí mo ti máa ń ra èlùbọ́ àti pọ̀nmọ́. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìsanwó wọn pé ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tó $10 kó má wulẹ̀ fa káàdì yọ. Lọ́jọ́ kan tí ṣọ́ọ̀bù dá, wọ́n mú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó káàdì fi ń ránṣẹ́ lóṣooṣù hàn mí. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n to àwọn káàdì síbẹ̀. Káàdì ATM lásán wà lókè, iye tí wọ́n gé lórí rẹ̀ kò tó nǹkan. Káàdì àwìn tí kò ní póíǹtì tẹ̀ lé e. Àwọn káàdì olówó ńlá, èyí tí wọ́n fi irin ṣe tó máa ń dún kọ̀ọ́ lórí káńtà, àwọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn ni wọ́n sì gé owó lórí wọn jù. Ìyá fi ìka lé ìlà ìsàlẹ̀ yẹn.

"Ẹ̀yin nìyí," wọ́n ní. "Tí o bá ra ọjà $100 lọ́wọ́ mi, $97 àti sẹ́ǹtì díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ mi. Èyí tó kù, ẹ fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọn ò sì lè yan èyí tí wọ́n máa gbà. Òfin tí àwọn tó ni Visa àti Mastercard fi lélẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ẹni tó bá ti ń gba káàdì àwìn àwọn, gbogbo irú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà, àti ti mẹ̀kúnnù àti ti ọlọ́lá. Ọjà tiwa tí mo mọ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ló ń bu èènì lé e, nínú ẹ̀wà tirẹ̀, kí oníbàárà lè padà wá. Èènì ti káàdì, ìyá ẹlẹ́wà ló ni ẹ̀wà, báǹkì ló ń gba ọpẹ́.

Ìyá náà kò sì lè máa pàdánù lọ́jọ́ gbogbo, ni wọ́n bá fi í lé iye ọjà. Èmi tí mo fi káàdì san, mo ń rí díẹ̀ gbà padà níbẹ̀. Ẹni tó ka owó lé wọn lọ́wọ́ kò rí nǹkan kan, iye kan náà ló sì ra ọjà. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta ní Federal Reserve Bank ti ìlú Boston, ẹ̀ka báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀: ní ìpíndọ́gba, ìdílé tó ń san owó lọ́wọ́ ń pàdánù $149 lọ́dún sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo káàdì, ìdílé tó ń lo káàdì sì ń jèrè $1,133. Ó ti pẹ́, iye yẹn á ti yí padà, àmọ́ ibi tí omi ń ṣàn lọ kò tíì yí. Ta ló ń san owó lọ́wọ́ ní Maryland níbí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí báǹkì kò tíì mọ̀ ni, ẹni tó ń fọ ọ́fíìsì lóru ni, àti àwọn màmá tó wá tọ́jú ọmọ-ọmọ, tí wọ́n di owó mọ́ ìdí ìró.

Ẹ tún wo káàdì ATM. Látọdún 2011, òfin Amẹ́ríkà ti dè é fún àwọn báǹkì ńlá: 21 sẹ́ǹtì ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, pẹ̀lú 0.05% iye ọjà. Lórí ọjà $100, sẹ́ǹtì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tàbí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Kò pẹ́ tí òfin yẹn dé ni ọ̀pọ̀ èènì orí káàdì ATM pòórá. Àwọn ará Yúróòpù ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní 2015, wọ́n ní báǹkì kò gbọdọ̀ gbà ju 0.3% lọ lórí káàdì àwìn. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Peckham fi máa ń rò pé mò ń parọ́ tí mo bá sọ iye tí káàdì dá padà fún mi. Ibi tí wọ́n bá ti dí ojú ìsun, odò kì í kún.

Ṣùgbọ́n ìyá elélùbọ́ kọ́ ló ń san jù o. Ẹni tó ń san jù ni ẹni tí kò san gbèsè rẹ̀ tán. Òfin 2009 ní báǹkì gbọ́dọ̀ fi ìwé gbèsè ránṣẹ́ ní ọjọ́ 21, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìsanwó. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó kọjá, ọ̀pọ̀ báǹkì kì í gba kọ́bọ̀ èlé lórí ohun tí ẹ rà. Bí ẹ bá fi $50 péré sílẹ̀, ojú àánú pa dé: lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí ẹ bá ra ọjà gan-an ni èlé ti ń gorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ bíi ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ná $1,000. Káàdì yín ń dá 2% padà: $20. Látọdún 2023, èlé orí káàdì àwìn níbí ti ju 20% lọ ní ìpíndọ́gba. Ká ní tiyín jẹ́ 22%. Bí $1,000 yẹn bá sùn sílẹ̀ fún oṣù kan péré, èlé rẹ̀ jẹ́ $18 àti díẹ̀. Èènì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oṣù kejì, ẹ ti ń fi owó ara yín ra póíǹtì fún ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ inú fọ́tò. Ṣọ́gúndogójì ayé àtijọ́ tilẹ̀ máa ń wá kan ilẹ̀kùn kí gbogbo ayé mọ̀ pé o jẹ ẹ́. Èyí á fi lẹ́tà tó dára ránṣẹ́, á ní $35 péré ni kí o san lóṣù yìí, má ṣèyọnu.

Torí náà, ètò tèmi kò ní dídùn kankan láti sọ ní WhatsApp. Káàdì kan ni mò ń ná, kò gba owó ọdọọdún, 2% ló ń dá padà lórí gbogbo nǹkan, mo sì ti ní kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè ibẹ̀ fúnra wọn lóṣooṣù nínú àkáǹtì mi. Ìjọba kì í gba owó orí lórí irú èènì bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀dínwó lórí ohun tí ẹ rà ni wọ́n kà á sí. (Owó tí báǹkì bá fún yín torí pé ẹ ṣí àkáǹtì tuntun, ìyẹn yàtọ̀, èlé ni wọ́n ń pè é, owó orí wà lórí rẹ̀.) Owó ni mò ń gbà, mi ò kì í gba póíǹtì.

Ìdí tí mo fi sá fún póíǹtì nìyí. Ní 1981 ni American Airlines bẹ̀rẹ̀ AAdvantage tiwọn, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé wọn. Gbèsè ni póíǹtì: ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú jẹ yín ní ìjókòó kan lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n onígbèsè náà ló ń pinnu iye tí ìjókòó jẹ́ ní póíǹtì, ó sì lè jí lọ́la kó sọ pé ohun tó jẹ́ 60,000 lánàá ti di 85,000. Ẹ ò ní rí adájọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ yín. Mo mọ àwọn tó kó póíǹtì jọ bí ẹni ń kó àgbàdo sí àká, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí bàbá wọn máa gba físà. Bàbá gba físà tán, póíǹtì kò tó mọ́.

Bọ́ǹdì ló gbé mi sí apá kejì tábìlì. Níbẹ̀, èmi ni mo yá èèyàn lówó, ìjọba ló jẹ mí.

Ẹ ó rántí ọdún 2022, nígbà tí ẹyin, epo mọ́tò àti owó ilé jọ ń gòkè lẹ́ẹ̀kan náà ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìjọba kéde èlé Series I, bọ́ǹdì kan tó ti wà látọdún 1998 tí kò sẹ́ni tó kà á sí: 9.62%. Ẹni tí kò gbọ́ orúkọ bọ́ǹdì rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀nà TreasuryDirect, òpó íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ti ń tà á. Èèyàn kan kò lè rà ju $10,000 lọ lọ́dún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi $25 bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìparí oṣù kẹwàá kù dẹ̀dẹ̀, tí èlé yẹn ń lọ, èèyàn pọ̀ lójú òpó náà débi pé ó ń dúró bí ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ mú. $10,000 á mú $481 wá láàárín oṣù mẹ́fà. Owó gidi ni, láìṣe wàhálà kankan.

Lẹ́yìn náà ni ìráhùn bẹ̀rẹ̀. Fún àwọn tó rà á ní àsìkò yẹn, èlé di 6.48%, ó di 3.38%, nígbà tó sì máa fi di ìparí 2024, ó ti di 1.90%. "Wọ́n ti tàn wá o!" Ta ló tàn yín? Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé èlé á máa tẹ̀ lé ọ̀wọ́ngógó ọjà, wọ́n á sì tún un ṣírò ní oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá. Ọ̀wọ́ngógó rọlẹ̀, èlé rọlẹ̀ tẹ̀ lé e. Apá kejì wà tí kì í yí padà títí ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì ti kọ ọ́ sójú ìwé ní 2022 pé òdo ni. Àwọn tó kà á mọ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ẹ ò lè fọwọ́ kan owó náà fún oṣù 12, àti pé bí ẹ bá gbà á kó tó pé ọdún márùn-ún, èlé oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Kò sí ohun tí ìjọba yí padà nínú ẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní 2023 mo yí ojú sí àwọn ìwé gbèsè ìjọba olóṣù mẹ́ta-mẹ́fà tó ń san ju 5% lọ. Àtèyí àtèyẹn, Maryland kì í gba owó orí ìpínlẹ̀ lórí èlé wọn.

Níbi tí wọ́n ti dára jù lójú tèmi ni ọ̀rọ̀ ọmọ. Owó tí àwọn àlejò ná fún ọmọ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ibo ló máa ń wọlé sí? Ìwọ náà mọ̀. Òbí lè ṣí àkáǹtì ọmọ sábẹ́ tirẹ̀ ní TreasuryDirect, kí owó ọmọ sì jẹ́ ti ọmọ.

Nígbà tí mo ń sọ gbogbo èyí fún Mọ́mì lórí fóònù, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ṣé irú ẹ̀ kò sí nílé ni. Mo ní ó wà. FGN Savings Bond ni, oṣù kẹta ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ tó ń rí sí gbèsè ìjọba àpapọ̀, DMO, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti ọlọ́dún méjì àkọ́kọ́ san 13.01%. ₦5,000 ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju ₦50 mílíọ̀nù lọ. Ọlọ́dún méjì wà, ọlọ́dún mẹ́ta wà, èlé sì máa ń wọ àkáǹtì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà tí DMO fọwọ́ sí ni wọ́n ti ń rà á.

"Ìjọba kẹ̀?" Ohùn wọn yí padà. "Àwọn tó jẹ mí ní gírátúítì látọjọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn náà ni kí n tún lọ yá lówó?"

"Mọ́mì, ìjọba ìpínlẹ̀ ló jẹ yín. Ti ìjọba àpapọ̀ lèyí."

"Bàbá kan náà kọ́ ló bí wọn?"

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà kì í ṣe àlàyé mi. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fi ìsọfúnni tó wọ fóònù rẹ̀ hàn wọ́n, èlé oṣù mẹ́ta tó dé lọ́jọ́ tí wọ́n ní yóò dé. Ẹni tó ti tò síwájú ọ́fíìsì fún ọdún púpọ̀ nítorí gírátúítì mọ iyì owó tó mọ ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n fi ₦500,000 ra ọlọ́dún mẹ́ta ní ìgbà tí èlé wà ní bíi 18%, ó sì ń mú nǹkan bí ₦22,500 wá lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gbé owó wọn lọ, ní Òkè-Àdó n'Ìbàdàn ní oṣù kẹrin ọdún 2025, tí wọ́n ń ru àga àti ẹ̀rọ amúlétutù jáde nítorí ìlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín 30 ọjọ́, Mọ́mì pè mí, wọ́n kàn rẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì gé fóònù.

Síbẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Bọ́ǹdì náà pa àdéhùn mọ́. Náírà tí wọ́n fi ṣàdéhùn ni kò dúró lójú kan. Iye tí àjọ oníṣirò orílẹ̀-èdè kéde fún ọ̀wọ́ngógó ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni 34.80%. Ohun tí ₦500,000 rà lọ́dún tó ṣáájú, ó ti di ₦674,000. Kódà bí bọ́ǹdì bá san 18% lódindi ọdún náà, ₦590,000 ló máa wà lọ́wọ́. Ó dáa ju àkáǹtì ìfowópamọ́ lásán lọ, ó dáa ju abẹ́ ìrọ̀rí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò lé ọjà bá.

Àwa tá à ń fi dọ́là ránṣẹ́ ńkọ́? Ó tún burú jù. Ká ní ẹnì kan ṣẹ́ $1,000 ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kó tó di pé wọ́n tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ní nǹkan bí ₦460 sí dọ́là kan. Ó fi ₦460,000 ra ọlọ́dún méjì ní bíi 10%. Nígbà tó pé ní 2025, gbogbo owó rẹ̀ pẹ̀lú èlé jẹ́ ₦552,000, dọ́là kan sì ti sún mọ́ ₦1,600. $345. Ìjọba kò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé ni wọ́n san.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i kí Nàìjíríà ta ohun tó bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an: bọ́ǹdì àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, ní oṣù kẹfà ọdún 2017. $300 mílíọ̀nù ni wọ́n yá, ọdún márùn-ún, èlé 5.625%, dọ́là ni wọ́n gbà, dọ́là ni wọ́n fi san án. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ọjà ìdókòwò ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì san gbogbo gbèsè náà tán ní 2022. Bí irú ẹ̀ bá tún jáde, mo máa kà á láti ojú ìwé kìíní dé òpin, ó sì ṣeé ṣe kí n rà á. Títí dìgbà yẹn, náírà tí màmá mi máa ná ní náírà nìkan ni mò ń fi sí bọ́ǹdì náírà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní àkáǹtì nílé, ẹ má gbàgbé pé bí àpapọ̀ owó yín lókè òkun bá ju $10,000 lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pàápàá nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Owó ìtanràn rẹ̀ kì í ṣe eré.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo kó èènì káàdì mi jọ, mo ní kí n fi ránṣẹ́ sí Mọ́mì láti fi kún bọ́ǹdì wọn. Wọ́n ní rárá, kí n fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ò fi ra bọ́ǹdì. Epo pupa ni àwọn fẹ́ rà pa mọ́ nígbà tó bá pọ̀ lọ́jà, kí àwọn tà á nígbà tó bá wọ́n. Mo béèrè iye tí kẹ́ẹ̀gì kan máa jèrè, wọ́n sọ ọ́. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò wò ó, ó ju 34.80% lọ. Wọ́n ti to kẹ́ẹ̀gì náà sí yàrá tí mo máa ń sùn sí, wọ́n sì ti ní bí mo bá ń bọ̀ wálé ní Kérésì, kí n tètè wá hòtẹ́ẹ̀lì.